Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Bá Wọn Tún Ògiri Heʻeia Mọ: Àkọsílẹ̀ Adágún Ẹja Kan ní Hawaii

Ní etí omi Kāneʻohe, ní erékùṣù Oʻahu ní Hawaii, adágún ẹja kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Heʻeia. Éékà 88 ni. Ògiri òkúta ló yí i ká, ó gùn tó nǹkan bíi máìlì 1.3, ó sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 15. Kānaka Maoli, àwọn ọmọ onílẹ̀ Hawaii, ló mọ ọ́n ní nǹkan bí ọdún 600 sí 800 sẹ́yìn, ọwọ́ lásán ni wọ́n sì fi gbé gbogbo òkúta náà. Ní 1965, àgbàrá ya ògiri yìí. Àádọ́ta ọdún gbáko kọjá kí ó tó tún dì padà, nígbà tó sì dì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilé-ìwé ló ti fọwọ́ kan òkúta rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà ni mo fẹ́ kọ. Bí àwọn olùkọ́ bá ní àwọn fẹ́ kọ́ ọmọ nípa àjọṣe ọmọ onílẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ àti omi rẹ̀, ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á kó wọn sínú bọ́ọ̀sì, ẹnìkan á sọ̀rọ̀ fún wọn létí odò, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á padà sílé. Ní Heʻeia, iṣẹ́ ni wọ́n gbé lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, iṣẹ́ tó jẹ́ pé bí wọn ò bá ṣe é, adágún ni yóò jìyà rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti gbéṣẹ́ nìyẹn.

Bí adágún náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹni tí kò bá mọ bí adágún yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ní mọ ìdí tí ọmọ kékeré fi lè rí nǹkan kọ́ níbẹ̀. Omi odò Heʻeia ń ti òkè wọlé, omi iyọ̀ ń ti òkun wọlé, àwọn méjèèjì sì ń dà pọ̀. Adágún náà kò jìn, oòrùn ń ràn dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà àwọn ewé omi wẹ́wẹ́ ń hù níbẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń hù nínú òkun gbalasa lọ. Ewé yìí ni oúnjẹ ẹja ʻamaʻama àti ẹja ʻawa. Kiaʻi loko, ẹni tó ń ṣọ́ adágún, kì í da oúnjẹ sómi fún ẹja. Ewé omi ni òun ń sìn ní tirẹ̀. Ẹja ló máa wá jẹ ẹ́.

Ògiri náà fúnra rẹ̀ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ojú òde rẹ̀ àti ojú inú rẹ̀ jẹ́ òkúta dúdú láti òkè ayọnáyèéfín, wọ́n wá fi àfọ́kù iyùn òkun kún àárín. Wọn kò fi nǹkan kan lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Omi ń rá gba àárín òkúta kọjá díẹ̀díẹ̀, èyí ni kì í jẹ́ kí ìgbì òkun lágbára láti wó o, òun náà ni kì í jẹ́ kí adágún gbẹ nígbà tí òkun bá fà sẹ́yìn jìnnà. Omi tó pọ̀ jù lọ wá ń gba ẹnubodè omi, mākāhā, tí àwọn kan nínú wọn kọjú sí òkun, tí àwọn kan sì kọjú sí odò. Ọ̀pá igi tí wọ́n tò lóròó ni wọ́n fi ṣe mākāhā, ó sì ń ṣe bí ajọ̀: ọmọ ẹja á gba àlàfo rẹ̀ wọlé, á jẹun, á sanra, kò sì ní lè gba ibẹ̀ jáde mọ́. Nígbà tí òkun bá tún ń kún, tí omi tuntun ń wọlé, àwọn ẹja ńlá á rọ́ wá sí ẹnubodè láti inú. Àwọ̀n kékeré ti tó láti fi kó ìwọ̀nba tí wọ́n nílò. Ní oṣù tí ẹja ń yé ẹyin, òfin kapu dé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Kíkún àti fífà òkun ń tẹ̀lé òṣùpá, nítorí náà kàlẹ́ńdà òṣùpá ni kiaʻi loko ń lò. Òru 30 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní orúkọ tirẹ̀, láti Hilo tó jẹ́ ti àkọ́kọ́ títí dé Muku tó jẹ́ ti ìkẹyìn. Ẹja ʻamaʻama pàápàá ní orúkọ bó ṣe ń dàgbà: pua ni wọ́n ń pè é nígbà tó bá wà ní wẹ́wẹ́, nígbà tó bá di géńdé, ʻanae ni. Ẹni tó bá mọ orúkọ wọ̀nyí ti mọ ẹja tó yẹ kó gba ẹnubodè kọjá àti ẹja tí kò yẹ.

Ohun tó wó o

Àgbàrá 1965 nìkan kọ́ ló wó Heʻeia. Kí àwọn ará Yúróòpù tó dé, adágún irú èyí ju 400 lọ ní erékùṣù wọ̀nyí. Ní 1848, ìpín ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Māhele sọ ilẹ̀ tí ọba, ìjòyè àti mẹ̀kúnnù jọ ní ìpín nínú rẹ̀ di ohun ìní ẹnìkọ̀ọ̀kan. Heʻeia bọ́ sọ́wọ́ Abner Pākī, ìjòyè kan. Ọmọ rẹ̀ ni Bernice Pauahi Bishop, ọmọbìnrin láti ìdílé ọba tó fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún kí wọ́n fi dá ilé-ẹ̀kọ́ Kamehameha sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Hawaii. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì ni onílẹ̀ di òní.

Ní 1893 wọ́n dojú ìjọba ọba Hawaii bolẹ̀. Lọ́dún 1896, òfin sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì di èdè tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi kọ́ni ní ilé-ìwé, wọ́n sì ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ èdè Hawaii. Mo gbà pé ọgbẹ́ yìí jìn ju ti àgbàrá lọ. Orúkọ òru òṣùpá, orúkọ ẹja, orúkọ òjò àti ti afẹ́fẹ́ àdúgbò, inú èdè ni gbogbo rẹ̀ wà, inú èdè sì ni ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú adágún wà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá gba èdè lẹ́nu ọmọ, ògiri lè dúró digbí kí ẹni tó máa ṣọ́ ọ má sì sí mọ́.

Lórí òkè, ìrèké, ìrẹsì àti ọ̀pẹ̀yìnbó gba ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin kókò nínú omi tẹ́lẹ̀. Òjò wá ń wọ́ ilẹ̀ pupa lọ sínú omi. Láti fi dá ẹrẹ̀ dúró, àwọn àgbẹ̀ ńláńlá kó igi máńgúrófù wá láti ilẹ̀ òkèèrè, 1902 ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn ín ní erékùṣù Molokaʻi, ó sì dé Heʻeia ní àwọn ọdún 1920. Igi yìí ní àǹfààní tirẹ̀ nílẹ̀ tó ti wá. Ní Hawaii, gbòǹgbò rẹ̀ wọ àárín òkúta ògiri, ó ń tú u díẹ̀díẹ̀, ó sì dí ẹnubodè omi. Nígbà tí àgbàrá oṣù Karùn-ún 1965 dé, ògiri náà ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 200 ló lọ.

Ó yẹ ká rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn yòókù. Adágún Maunalua, tó fi ọ̀pọ̀ éékà tóbi ju Heʻeia lọ ní erékùṣù kan náà, ni iléeṣẹ́ Henry J. Kaiser gbẹ́ tó sì sọ di ebúté ọkọ̀ ìgbafẹ́ àti ilé gbígbé ní àwọn ọdún 1960. Hawaii Kai ni wọ́n ń pè é lónìí. Heʻeia náà lè ti bá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1973 wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ibi ìtàn tí Amẹ́ríkà ń dáàbò bò. Ní òpin àwọn ọdún 1980 ìgbìyànjú kan wà láti tún sin ẹja níbẹ̀, ó sì ṣe díẹ̀ nínú àtúnṣe náà, ṣùgbọ́n máńgúrófù ṣì bo ògiri, ojú tó ya kò sì dí dáadáa.

Àwọn tó padà wá

Àtúnbí èdè Hawaii ló ṣí ọ̀nà. Ní 1978, òfin ìpínlẹ̀ sọ ọ́ di èdè ìjọba lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì; ní 1987, kíláàsì tí wọ́n ti ń fi èdè náà kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé ìjọba. Láàárín ìran tó dàgbà nígbà yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ kan ti jáde, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Paepae o Heʻeia sílẹ̀ ní 2001, tí wọ́n sì bá onílẹ̀ ṣe àdéhùn láti máa tọ́jú adágún. Hiʻilei Kawelo, tó wá láti ìdílé apẹja ní agbègbè náà, wà lára wọn, ó sì darí ẹgbẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti pinnu pé iṣẹ́ àtúnṣe àti iṣẹ́ ẹ̀kọ́ kò ní jẹ́ méjì.

Bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá dé, wọn kì í kàn já wọ inú. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kọ oli, orin ìtọrọ àyè. Àwọn onílé á dá wọn lóhùn. Àlejò á sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ti wá. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gbọ́ ìtàn Meheanu, moʻo, ẹ̀mí omi tó ń gbé àwọ̀ alángbá wọ̀, tó ń ṣọ́ adágún náà, tí ìtàn so mọ́ àwọn igi hau tó wà nítòsí: bí ewé hau bá pọ́n, ó wà níbẹ̀. Olùkọ́ tó bá ka ìtàn yìí sí ohun ìdárayá kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ti pàdánù apá kan ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ tó bá ti gbà pé ibí yìí ní olùṣọ́ kò ní gé igi hau bó ṣe wù ú, á sì máa wo àwọ̀ ewé lójoojúmọ́. Ìwà ìṣọ́ra ni ìtàn náà ń kọ́ ọmọ, kó tó di pé ó mú ohun èlò kankan dání.

Iṣẹ́ wá kàn. Wọ́n á tò sórí ìlà gígùn, òkúta á máa ti ọwọ́ dé ọwọ́. Àwọn kan á máa fi korobá kó àfọ́kù iyùn. Àwọn kan á gé máńgúrófù, wọ́n á wọ́ ọ kúrò. Àwọn mìíràn á wọ inú omi lọ fa irúfẹ́ ewé òkun kan tó ti òkèèrè wá, tó ń bo ewé ìbílẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n á kó o fún àwọn àgbẹ̀ láti fi ṣe ajílẹ̀. Mímọ òkúta láìfi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó ní òfin tirẹ̀. Àwọn òkúta ńlá ìsàlẹ̀, niho, ló máa ń gba ìwúwo. Òkúta kọ̀ọ̀kan ní ojú tó yẹ kó kọ síta àti ibi tó yẹ kó fara ti èkejì. Ọmọ tó bá gbé e sí ibi tí kò yẹ á rí i pé ó ń mì, àgbà á sì ní kó yí i padà. Bí wọ́n bá fi sìmẹ́ǹtì dí i, omi kò ní lè rá kọjá, ìgbì á sì rí ojú tó máa gbá. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń mọ ohun tí ògiri wà fún kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n.

Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀, pàápàá àwọn ti yunifásítì, ń wọn iyọ̀ inú omi, ooru rẹ̀ àti ọ́ksíjìn. Ibùdó ìwádìí òkun ti Yunifásítì Hawaii wà ní erékùṣù kékeré Moku o Loʻe nínú omi Kāneʻohe kan náà, nítorí náà àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kò jìnnà sí wọn rárá. Ọ̀ràn kan ní 2009 fi hàn pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ àti àwọn tó ń ṣọ́ adágún nílò ara wọn. Lọ́dún yẹn, ẹja moi tí wọ́n ń sìn nínú àgò inú adágún kú lọ́pọ̀lọpọ̀, ó sì ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìwádìí fi hàn pé afẹ́fẹ́ tó máa ń ti àríwá ìlà-oòrùn fẹ́ wá ló rọlẹ̀, ooru mú, omi kò pò pọ̀ mọ́, ọ́ksíjìn sì tán lábẹ́ omi. El Niño, ìyípadà ojú-ọjọ́ tó máa ń mú omi Òkun Pàsífíìkì gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, wà lára ohun tó fà á. Ẹ wo bí ó ṣe rí: àwọn àgbà ti fún afẹ́fẹ́ àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní orúkọ láti ayébáyé, nítorí pé ó kàn wọ́n bó ṣe ń fẹ́ àti bó ṣe ń dáwọ́ dúró. Ẹ̀rọ ìwọnmi wá sọ ìdí rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wà níbẹ̀ nígbà tí ẹja ń kú, tó sì ń ka ìwọ̀n ọ́ksíjìn lójú ẹ̀rọ, kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún máa ṣàlàyé fún un bí afẹ́fẹ́ ṣe kan oúnjẹ.

Ní oṣù Kejìlá 2015, wọ́n kéde ọjọ́ tí wọ́n máa dí ojú tó kù. Pani ka Puka ni wọ́n pè é. Nǹkan bíi 2,000 ènìyàn ló wá: ọmọ ilé-ìwé, òbí wọn, àwọn àgbà, àwọn tó ti ń wá láti ọdún tó pẹ́. Wọ́n tò sórí ògiri, wọ́n ń gbé òkúta àti iyùn láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ojú náà fi dí.

Lẹ́yìn tí ògiri dì

Ẹja kò pọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹrẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ṣì wà nísàlẹ̀, akàn ńlá tí wọ́n kó wá láti òkèèrè ń jẹ ọmọ ẹja, kākū, ẹja ńlá kan tó ń pa ẹja mìíràn jẹ, náà ń jẹ wọ́n nínú adágún níbẹ̀. Wọ́n ń kó akàn náà tà, èyí tó mú owó díẹ̀ wọlé tó sì tún gba ẹja là. Ṣùgbọ́n ohun tí ògiri tó dì fi hàn kedere jù ni pé wàhálà tó kù ń ti òkè wá. Bí omi odò bá dọ̀tí, kò sí ẹnubodè tó lè sẹ́ ẹ.

Àwọn ará ìgbàanì mọ èyí. Ahupuaʻa ni wọ́n ń pè pápá ilẹ̀ tó ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ dé inú òkun, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì jọ ń tọ́jú. Nínú ahupuaʻa Heʻeia lónìí, ẹgbẹ́ Papahana Kuaola ń ṣiṣẹ́ ní òkè. Ní àárín, ẹgbẹ́ Kākoʻo ʻŌiwi ń dá oko kókò inú omi padà lórí nǹkan bí éékà 400. Oko kókò máa ń mú kí omi rọra rìn, ẹrẹ̀ á jókòó síbẹ̀, omi tó mọ́ á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí adágún. Ní 2017, ìjọba Amẹ́ríkà sọ agbègbè Heʻeia, éékà 1,385, di ibi ìwádìí àti ẹ̀kọ́ nípa ibi tí odò ti ń pàdé òkun, adágún náà sì wà nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbin kókò lókè lọ́sẹ̀ kan, tó sì wá gbé òkúta nísàlẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, ti rìn gba ọ̀nà tí omi ń gbà. Kò sí àwòrán ara pátákó tó lè kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tó ń dùn mí nínú ọ̀ràn yìí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ tààrà. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ṣì ń wá lẹ́ẹ̀kan péré. Ọmọ tó bá wá lẹ́ẹ̀kan á gbé òkúta, ara á ro ó, á lọ. Kò ní rí ọmọ ẹja tó gba ẹnubodè wọlé di ʻanae. Kò ní mọ bí Hilo ṣe yàtọ̀ sí Muku nínú omi. Àjọṣe kì í fi ọjọ́ kan dá. Ìmọ̀ràn mi fún olùkọ́ tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀kọ́ yìí níbikíbi tí ọmọ onílẹ̀ ti gbà á láàyè ni pé kó má mú kíláàsì mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kíláàsì kan náà ni kó máa mú lọ látàárọ̀ ọdún dé ìparí rẹ̀, kó yan iṣẹ́ kan fún wọn tí yóò jẹ́ tiwọn, kó sì máa fún wọn ní máàkì lórí rẹ̀ bó ṣe ń ṣe lórí ìṣirò. Àwọn kan á ní kò sí bí èèyàn ṣe lè dán irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wò. Bí ọ̀pá mākāhā bá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹja á sá lọ. Ìdánwò gan-an nìyẹn.

Mo tún gbà pé ẹni tí ẹ̀kọ́ náà kọ́kọ́ jẹ́ tirẹ̀ ni ọmọ Kānaka Maoli. Baba ńlá rẹ̀ ló mọ ògiri, èdè ìyá ńlá rẹ̀ ni wọ́n lé kúrò ní ilé-ìwé. Kí àwọn yòókù wá, kí wọ́n ṣiṣẹ́, kí wọ́n kọ́ nǹkan. Àmọ́ kí ètò má sọ ọmọ onílẹ̀ di ohun àwòran fún àlejò lórí ilẹ̀ ara rẹ̀.

Iṣẹ́ tó ń bọ̀ pọ̀. Ní 2017, ẹ̀rọ ìwọnkun Honolulu, tó ti ń ṣàkọsílẹ̀ gíga omi láti 1905, kọ iye tó ga ju gbogbo èyí tó ti kọ títí di ìgbà yẹn. Òkun ń ga sí i, ògiri tí àwọn ará ìgbàanì mọ fún òkun ìgbà tiwọn yóò sì nílò kí wọ́n gbé e sókè, kí ọ̀pá ẹnubodè náà gùn sí i, láìjẹ́ kí ògiri pàdánù bó ṣe ń jẹ́ kí omi rá kọjá. Ẹni tó gbé òkúta lórí ìlà ní 2015 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ti kọjá ogún ọdún báyìí. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni ilé-ìwé gbọ́dọ̀ máa mú padà wá síbẹ̀ léraléra, nítorí wọ́n ti mọ ibi tí niho wà.